Ẹjọ́ Oko Bọ́lọ́rundúró

“Kóòtù!”

Gbogbo ilé dìde, Oyèbọ́lá náà sì dìde. Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wọlé lọ. Òyìnbó ni wọ́n fi ka ìdájọ́ wọn tán, kò sì mọ̀ bóyá òun jàre tàbí òun jẹ̀bi.

Ó wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọláwuyì, àbúrò ọkọ rẹ̀ olóògbé, ẹni tí wọ́n jọ ń du oko kòkó, ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lọ́yà Oyèbọ́lá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń bọ lọ́yà Ọláwuyì lọ́wọ́. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Kí ló wá dé tí àwọn wọ̀nyí ti ń ṣọ̀rẹ́ láì tíì kúrò ní kóòtù?

“Màmá, wọ́n ti wọ́gi lé ẹjọ́ tí a jàre ní Oǹdó,” ni Lọ́yà Ọlábọ̀dé wí nígbà tí wọ́n jáde.

“Wọ́n ní èmi kọ́ ni mo ni oko?”

“Rárá, Mà. Wọn ò tiẹ̀ mẹ́nu ba oko. Ìwé tí lọ́yà yín àkọ́kọ́ fi pẹjọ́ ni. Orúkọ ọ́fíìsì rẹ̀ ló fi sáìnì, kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Lójú òfin, ọ́fíìsì kò lè sáìnì.”

“Ṣé ọ́fíìsì ló di bírò mú ni?”

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Oyèbọ́lá kò bá a rín in. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn gbin kòkó yẹn. Adájọ́ Oǹdó ti ní tirẹ̀ ni, ó ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti jó. Ṣé kó lọ dá ọpẹ́ padà ni?

“Ta ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀?”

“Ó ti pẹ́ nínú ìwé, Mà. Àwọn aṣòfin ló lè yí i padà. Ti kóòtù ni kó tẹ̀ lé e.” Ó bọ́ ẹ̀wù dúdú rẹ̀, ó ń ká a. “Ẹ má mikàn. A ó tún un bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó. Bàbá tó wá jẹ́rìí sí ààlà oko yẹn nìkan ti tó wa.”

“Èyí tó sọ lọ́jọ́sí ńkọ́? Mo rí adájọ́ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Ó ti bá ẹjọ́ lọ. Àfi kó tún wá sọ ọ́.”

“Baba Oríọlá ti papò dà, Lọ́yà. Ìgbà ìkórè tó kọjá la sin wọ́n.”

Ọwọ́ Ọlábọ̀dé dúró lórí ẹ̀wù. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo Oyèbọ́lá, bí ẹni tó ń retí kí obìnrin náà ṣàlàyé òfin yẹn fún òun.