Kẹ̀kẹ́ Tí Verna Fi Bojú

Kí Kòrónà tó dé, kò sí ẹni tó ń lé Verna Friesen bá nínú mọ́ọ̀lù. Òtútù Winnipeg, ní Kánádà, kì í jẹ́ kí arúgbó rìn níta, yìnyín á gbé e ṣubú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn mọ́ọ̀lù fún àwọn arúgbó láàárọ̀ kí wọ́n lè rìn, kí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Wọ́n á rìn dé ìpẹ̀kun, wọ́n á fọwọ́ kan ògiri, wọ́n á padà. Verna ló máa ń ṣíwájú. Bó bá ń kọjá lára Lorne, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ti ọ̀pá ìrìn onítáyà mẹ́rin tó ní ìjókòó lára, á ní:

"Ìgbín! Ṣé o ti sùn ni?"

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Lorne náà á rẹ́rìn-ín.

Ìjọba wá ní kónílé-ó-gbélé. Joanne ọmọ Verna ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, á dúró lẹ́yìn gíláàsì: "Màámi, ẹ má jáde o. Ẹ ṣáà jókòó."

Verna jókòó. Nígbà tó yá, kò lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìdi ògiri mú. Joanne ra ọ̀pá onítáyà fún un. Verna tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó da kóòtù bò ó.

Nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ọ̀lù padà, Lorne pe Verna lórí fóònù. "À ń retí ẹ lọ́la o, ìyá eléré ìje."

"Màá wá."

Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan wà nínú mọ́ọ̀lù tó máa ń tètè ṣí. Ibẹ̀ ni Verna gbà wọlé. Ó ra ọ̀dùnkún, ó kó o sínú kẹ̀kẹ́ ìrajà, ó fara ti kẹ̀kẹ́ náà, ó ń tì í bọ̀ bí ẹni tó kàn wá rajà. Inú rẹ̀ dùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń juwọ́.

Bó ṣe kọjá ilà ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà bọ́ sínú mọ́ọ̀lù, táyà kẹ̀kẹ́ há gbàgà. Bí àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣe ṣe é nìyẹn, kó máa há fúnra rẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn èèyàn má baà tì í lọ sínú yìnyín. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Verna gbàgbé, torí kò ti kẹ̀kẹ́ kọjá ibẹ̀ rí.

Ó tì í, kò lọ. Bó bá sì fi í sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á ṣubú.

"Verna, fi nǹkan yẹn sílẹ̀ ká lọ!" Hildy, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Mò ń... mò ń sinmi ni."

Lorne ló dé kẹ́yìn. Ó wo bí Verna ṣe di irin kẹ̀kẹ́ náà mú.

"Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́," ó ní. "Àwa ìgbín ń bọ̀."

Wọ́n lọ.

"Ta ni ìgbín?" Verna bi í.

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ." Ó yí ìjókòó ọ̀pá rẹ̀ sí i. "Jókòó."

"Mi ò jókòó."

"Dúró síbẹ̀ nígbà náà, títí àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù á fi wá gbé kẹ̀kẹ́ wọn."

Ó jókòó. Lorne fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mí gúlegúle. Ìbòmú bo ojú Verna, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pọ́n bíi tòmátì.

"Irú ọ̀pá yìí kan wà nílé mi," ó ní. "Mo fi kóòtù bò ó."

"Mo mọ̀. Èmi ni Joanne bi léèrè èyí tó dáa."

"O mọ̀, o sì pè mí?"

"Mo fẹ́ rí ẹni tí màá lé bá."

Verna kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́. "Fún mi ní fóònù ẹ."

Ó pe ọmọ rẹ̀. "Joanne, gbé ọ̀pá yẹn wá sí mọ́ọ̀lù. Rárá, má bi mí ní nǹkan kan."

Àwọn yòókù ti fọwọ́ kan ògiri, wọ́n ti ń padà bọ̀. Verna doríkodò, ṣùgbọ́n kò dìde lórí ìjókòó Lorne; ó jẹ́ kí wọ́n rí i.