Ẹyẹlé Tó Padà Wálé Lọ́jọ́ Ogun

Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìṣòro. Ìwà rere yìí gan-an ni ó ń ba Odile lẹ́rù ní oṣù Ògún ọdún 1914.

Kí ogun tó dé, Lambert ọkọ rẹ̀ ti yá àwọn ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù tí ń ṣọ́ odi orí òkè ní ẹyẹlé tí wọn yóò fi máa fi ìwé ránṣẹ́, nítorí ibi yòówù tí a bá ti tú ẹyẹlé sílẹ̀, ilé ni yóò forí lé. Gaspard, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ni ó ń tọ́jú àwọn ẹyẹ náà nínú odi. Àmọ́ àwọn ará Jámánì ti gba abúlé báyìí, wọ́n ti yí odi ká, ìbọn ńlá wọn kò sì sinmi. Wọ́n pàṣẹ kí olúkúlùkù pa ẹyẹlé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ikú ni. Lambert ti fi omijé pa gbogbo tilé. Ta ni yóò wá sọ fún ti inú odi pé kí ó má wálé mọ́?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Wendelin, sójà Jámánì tí wọ́n fi wọ̀ sílé wọn, jókòó ní àgbàlá, ó ń bá wọn bó ọ̀dùnkún. Ẹyẹlé aláwọ̀ eérú kan sì bà sórí òrùlé. Odile dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ó tó mí, ọwọ́ Lambert ti nà sí agolo àgbàdo tí ó fi máa ń pè wọ́n wọlé. Bí ọwọ́ ẹni tí ń sùn ni ó ṣe mì ín. Odile tẹ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ ti gbọ́, ó fò wá sórí ògiri.

Wendelin gbé ìbọn. "Ta ló ni ìyẹn?"

"Ẹyẹ oko ni!" ni Odile dáhùn. "Àbí ọ̀dùnkún lásán lo fẹ́ jẹ lálẹ́ òní? Yìn ín, kó má fò lọ!"

"Ẹnu ìyá yìí mú o!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yin ìbọn.

Odile ni ó kọ́kọ́ dé ìdí ẹyẹ. Ó kẹ̀yìn sí sójà, ó já ìwé tí wọ́n ká róbótó mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó sì padà wá jókòó, ó ń tu ìyẹ́.

"Ṣé ó sanra, ìyá?"

Odile mi orí.

"Ẹnu tó mú lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ta ló gbé e lọ?"

"Eyín ló ń dùn ún," ni Lambert yára wí.

Ojú Wendelin tàn. "Eyín kẹ̀? Ẹ ti rí oníṣẹ́ ẹ̀! Onígbàjámọ̀ ni mí nílé, èmi ni mò ń yọ eyín gbogbo àdúgbò. Ẹ la ẹnu, ẹ jẹ́ n wò ó."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Lambert. Odile gbé ìwé náà mì. Ó há a lọ́fun títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó la ẹnu. Sójà fi ìka kan èyí, ó kan tọ̀hún.

"Eyín yín le ju tèmi lọ!"

"Ìrora náà ti fi mí sílẹ̀," ni Odile wí.

Nígbà tí Wendelin lọ pọn omi, Lambert sún mọ́ ọn. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Mi ò rí i kà. Mo ti gbé e mì."

"Yéè! Ẹyẹ ti kú, iṣẹ́ tó jẹ́ sì kú!"

Odile la àtẹ́lẹwọ́. Láàárín ìyẹ́, òwú pupa tí wọ́n fi so ìwé náà lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀.

"Baba Gaspard, òwú ìbọ̀sẹ̀ tí mo hun fún un nìyí. Ọwọ́ rẹ̀ ló so ó lónìí."

Ìbọn ńlá tún bú lórí òkè. Ó fi òwú náà sínú àyà aṣọ rẹ̀, ó sì ń tu ìyẹ́ lọ.