Ẹ̀jẹ̀ Lucienne Nínú Àmù

4.

…ẹsẹ̀ òsì náà kò sì tíì jí. Lucienne ní bí ẹsẹ̀ àyálò ló rí lára òun. Olùkọ́ ni ní Kpingni, ẹlẹ́nu dídùn. Àrùn tó mú un ò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀: àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ni wọ́n ń jẹ iṣan ọpọlọ rẹ̀.

5.

LÁRA ÒGIRI ILÉ ÌWÒSÀN
Ìgò ẹ̀jẹ̀: inú yìnyín nìkan.
Ansíìmù (èròjà inú ẹ̀jẹ̀) ga: ọmọ ogun ara ń jà.
Ansíìmù rẹlẹ̀: wọ́n ti sinmi.
Ooru máa ń pa ansíìmù.

6.

Ọjọ́ tí Gervais, nọ́ọ̀sì, fa ẹ̀jẹ̀ Lucienne, èrò tó wá kí Màríà ní Arigbo ti kún ìlú. Àwọn olómi tútù ti ra gbogbo yìnyín tán. Iná lọ. Mọ́tò tí yóò gbé ìgò lọ Cotonou, ó di àárọ̀.

Gervais bá rántí àmù ìyá rẹ̀. Nílé wọn, ohun tó bá wọ àmù kì í bàjẹ́. Ó fi ọ̀rá wé ìgò náà, ó rì í sómi.

Ojú ò tì í nígbà yẹn.

7.

ÈSÌ
Aláìsàn: Lucienne
Ansíìmù: ó rẹlẹ̀ gan-an
Àbá: kí a dín oògùn kù láti ọjọ́ Ajé

8.

LÓRÍ FÓÒNÙ

LUCIENNE: Ẹ̀gbọ́n Gervais, ẹ wò ó! Wọ́n ti sinmi!
LUCIENNE: Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ mi ni màá fi lọ kí Màríà ní Arigbo. Dieu merci, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.
GERVAIS ń kọ̀wé…
GERVAIS ń kọ̀wé…

9.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ta ló ní ogún ọdún? Ọ̀túnla ni ọjọ́ Ajé.

10.

Ẹ̀YÌNKÙLÉ LUCIENNE

GERVAIS: Inú àmù ni mo fi ẹ̀jẹ̀ rẹ sí.
LUCIENNE: Àmù omi mímu?
GERVAIS: Kò sí yìnyín. Bóyá ooru ló pa ansíìmù. Bóyá ara rẹ ló sinmi lóòótọ́. N ò mọ̀. Dákun, má bínú.
LUCIENNE: Màmá yín mu nínú omi yẹn?
GERVAIS: Ó mu.
LUCIENNE: (ó rẹ́rìn-ín)
LUCIENNE: Dókítà ńkọ́?
GERVAIS: Ìwọ ni mo kọ́kọ́ wá bá.
LUCIENNE: Inú mi dùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ tó ti dùn bẹ́ẹ̀ o.

11.

Lucienne tún na apá ọ̀tún fún abẹ́rẹ́. Ìwé èsì wà lọ́wọ́ òsì. Kò fi í sílẹ̀.

12.

ÌGÒ KEJÌ
Inú yìnyín.
Ansíìmù: ________