Bátìrì Inú Géèmù Naheem

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1994, Sulaiman mú kásẹ́ẹ̀tì géèmù tuntun kan wọ ilé Àlàájì Abdulganiyu ní àdúgbò Al-Nuzlah, ní Jeddah. Géèmù àtijọ́ tí Naheem, ọmọkùnrin ilé náà, máa ń gbá nígbà ayé rẹ̀ ni. Àwọn tó ṣe é ló tún un ṣe, wọ́n fi àwòrán dídán àti orin mìíràn sí i.

"Ohun tí kò bàjẹ́, kí ni wọ́n ń tún ṣe?" ni Abdulganiyu bi í. "Bí ẹnìkan bá ń bá ọ kun ilé tí o kò ní kó kùn, ilé náà ló ń wò."

Sulaiman rẹ́rìn-ín. Mẹ́kà ló ti ń kọ́ òfin ẹ̀sìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ẹnjiníà ojú ọ̀nà! Bí títì bá gbó, ṣé ẹ kì í tún un ṣe ni?"

"Títì kì í rántí ẹni tó rìn lórí ẹ̀."

Nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni abúlé tí Naheem fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ wà, pẹ̀lú oríkì rẹ̀, AKANNI, lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ibà ti mú ọmọ náà lọ. Ní gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, bàbá á tan géèmù náà, á wo abúlé yẹn díẹ̀, á sì pa á. Géèmù tuntun kò mọ abúlé kankan; àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

"Ẹ yá mi ní ti àtijọ́ di Jímọ̀ tó ń bọ̀," ni Sulaiman wí. "Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń jiyàn nípa èyí tó dùn jù. Mo fẹ́ fi wọ́n wéra."

Ọkàn Abdulganiyu kò balẹ̀. Níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ ti rí owó géèmù tuntun? Àbí ó ti rí ẹni tó fẹ́ ra ti àtijọ́ ni? Ṣùgbọ́n Sulaiman ló bá a wẹ òkú Naheem. A kì í wo irú ojú bẹ́ẹ̀ ká ní rárá.

"Jẹ́ kí n nù ún," ló wí, ó wọ yàrá lọ. Ó tú ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì náà. Bátìrì kékeré kan wà nínú rẹ̀, ó rí roboto bíi bọ́tìnnì. Ní Ìwó, bàbá rẹ̀ kì í yá ènìyàn ní rédíò láìyọ bátìrì rẹ̀, kí ẹni náà má baà lò ó tán. Abdulganiyu fi ọ̀bẹ ya bátìrì náà kúrò tipátipá, ó sọ ọ́ sápò jalabíà Jímọ̀ rẹ̀. Ká wá wo bí yóò ṣe tà á.

Ní Jímọ̀ kejì, Sulaiman dé, ó fi aṣọ wé kásẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni wé ẹyin. Kò jókòó. Rumaysa, àbúrò Naheem, gbà á, ó tì í bọ inú ẹ̀rọ. Orin dún, àwòrán yọ. Abúlé kò sí.

Ọmọ náà yíjú sí bàbá rẹ̀, ó ń fi Lárúbáwá bèèrè ibi tí Naheem wà.

"Kí lo ṣe sí i?" Abdulganiyu fò dìde. "Ta lo ta tèmi fún? Ayédèrú lo gbé wá!"

"Ẹ̀gbọ́n, wallahi, bó ṣe rí nìyí nígbà tí a kọ́kọ́ tàn án ní Mẹ́kà. Àwọn tí a jọ ń gbé ni mo ń fura sí. Mi ò bá wọn jẹun mọ́."

"Kásẹ́ẹ̀tì mi dà?"

"Òun nìyí! Ẹnìkan ní bátìrì kan ló máa ń bá a tọ́jú ohun téèyàn kọ́ sínú ẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ báyìí, ó parí."

Abdulganiyu ti ọwọ́ bọ àpò. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú Sulaiman. Sulaiman wo bátìrì náà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì wọ bàtà.

Abúlé tí Naheem kọ́ ti pa rẹ́. Sulaiman kò sì wá ní Jímọ̀ mọ́.