Ẹrù Ọwọ́ Ọ̀tún

Mo fẹ́ kó yé gbogbo ayé pé mọ́tò mi kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn ọlọ́kadà Ìgbó-Ọrà ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ tètè débi tí mò ń lọ, kí n kúkú máa fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀rọ̀ àbùkù ni. Mọ́tò kékeré ni lóòótọ́, wọ́n sì ti ṣe é ní Japan kí wọ́n tó bí èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́rú, wẹ́rẹ́ ló ń gbé mi láti Ìgbó-Ọrà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ẹ̀rúwà. Ọjọ́ Ẹtì náà, wẹ́rẹ́. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni àìsàn máa ń ṣe é.

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń gbé Bàbá Málákì. Bàbá Ọmọ́tárá ni wọ́n, Ọmọ́tárá sì ni nọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ fi ṣe aya, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé iṣẹ́ àánú ni mò ń ṣe. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ń ṣèpàdé ní Ẹ̀rúwà, Bàbá kì í sì í pa á jẹ. Wolé-wolé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi ń wọ ilé onílé, tí wọ́n ń yẹ ìdí ìkòkò wò, tí wọ́n ń pàṣẹ pé kí onílé kó eléyìí dànù, kó gbé tọ̀hún kúrò. Bàbá kì í sì í ṣe ènìyàn kékeré. Bí wọ́n bá ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi níwájú, ọwọ́ ọ̀tún mọ́tò á kúnlẹ̀ bí ìyàwó tuntun tó ń kí bàbá ọkọ.

Òkè kan wà kí a tó wọ Ẹ̀rúwà. Kì í ṣe òkè tí ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ewúrẹ́ ń gùn ún, àwọn obìnrin tó ru ẹ̀gẹ́ ń gùn ún. Ní Ọjọ́bọ̀, bí mọ́tò mi bá dé ìdajì rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Màá já a sí gíà kejì, màá já a sí ìkíní, lẹ́yìn náà á kú pátápátá, Bàbá á sì sọ̀ kalẹ̀ sínú oòrùn títí a ó fi rí àwọn tí yóò bá wa tì í. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, wọn kò sọ nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní:

"Tíṣà, wọ́n ní ọmọ mi lò ń tẹ̀ lé kiri."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni."

"Mọ́tò tí kò lè gbé bàbá gun òkè, òun ni yóò gbé ọmọ dé ilé ọkọ? Lọ́jọ́ tó bá gbé mi gun òkè yìí láìdúró, lọ́jọ́ náà ni kí o rán ẹbí rẹ sí mi. Bí kò bá gbé mi gùn ún, má wulẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu."

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Mo wo ojú Bàbá, mo rí i pé wolé-wolé kì í ṣàwàdà.

Mo gba ọ̀dọ̀ Wàhábì mẹkáníìkì lọ. Mo bi í bóyá a lè ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tí agbára wa ká." Ó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fọ nọ́súlù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ó yọ fíltà tí mọ́tò fi ń mí, ó gbọn eruku tó tó gbin ata jáde nínú rẹ̀. Èmi náà kò dúró lásán. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi ni mo fi ha ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀ títí tó fi ń dán. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi pákò fọ eyín nítorí ìfẹ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé e lọ sí Ìdèrè wò. Ó sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Inú mi dùn, mò ń kọrin lọ, mò ń kọrin bọ̀. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó kú sí ìdajì òkè.

Mo tún wo fídíò kan lórí fóònù. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní sálẹ́ńsà ló ń fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn, pé bí ènìyàn bá yọ ọ́ kúrò, agbára á tú jáde. Wàhábì kọ̀, mo ní èmi ni mo ni mọ́tò mi, ó bá yọ ọ́. Agbára kọ́ ló tú jáde, ariwo ni. Ewúrẹ́ fọ́n ká lójú ọ̀nà. Ìyá kan ju igbá ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó ṣépè fún mi lórúkọ, n kò sì mọ ẹni tó sọ orúkọ mi fún un. Ní ìdajì òkè, a dúró sójú kan, a ń bú ramúramù. Bàbá fi ìka di etí méjèèjì. "Ó ń bínú," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n kò lọ."

Wàhábì dá sálẹ́ńsà padà, ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sẹ́yìn. Ó wo bí Bàbá ṣe wọlé, ó wo bí mọ́tò ṣe kúnlẹ̀, ó wo bí a ṣe kú. Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó họ orí.

"Tíṣà, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí. Ẹrù ọwọ́ ọ̀tún níwájú ló pọ̀ díẹ̀."

"Ṣé sípíríìngì ibẹ̀ ni?"

Ó wò mí. "Ẹ ní kí n pààrọ̀ sípíríìngì?"

"Pààrọ̀ ẹ̀."

Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, mọ́tò kò kúnlẹ̀ mọ́. Orí ìdúró ló kú sí.

"Tíṣà," ni Wàhábì tún wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀, "ṣé ìṣirò lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn? Lọ́jọ́ Ajé, ó ń gùn ún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń gùn ún. Lọ́jọ́bọ̀, kì í gùn ún. Ta ló ń bẹ níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ tí kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?"

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Tèmi náà di odindi, àmọ́ ó gba oṣù méjì àti sípíríìngì kan. Mo jókòó lé táyà kan nílẹ̀.

"Wàhábì, bá mi sọ fún wọn."

"Èmi kẹ̀? Mọ́tò ni mò ń tún ṣe, n kì í tún àna ṣe."

Ta ni yóò wá sọ fún bàbá ìyàwó pé òun gan-an ni ẹrù? Mo rò ó títí, mo pinnu pé èmi náà yóò sọ ààbọ̀, kí àgbàlagbà fi ọgbọ́n orí rẹ̀ sọ ọ́ di odindi. Nígbà tí mo lọ gbé Bàbá, kí wọ́n tó wọlé, mo ní, "Sà, mẹkáníìkì ní ẹrù ló pọ̀ jù nínú mọ́tò yìí."

Ojú Bàbá là. N kò rí wọn kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹrù! Ṣí búùtù."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ mi kò di odindi nínú Bàbá, ìwé àṣẹ ló dà. Wọ́n yọ ìwé kékeré kan àti báírò pupa nínú àpò. Táyà àfipamọ́: gbé e kúrò. Jáàkì: gbé e kúrò. Agbòjò, gálọ́ọ̀nù omi, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ: kó wọn kúrò. Mọ́tò kú sí ìdajì òkè. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, rọ́ọ̀gì ilẹ̀ àti rédíò. Mọ́tò kú. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, àga ẹ̀yìn látòkè délẹ̀. Èmi àti Bàbá la jọ gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́ láti ọjọ́ náà. Mọ́tò kú. Bí nǹkan ṣe ń dínkù nínú mọ́tò ni ara Bàbá túbọ̀ ń yá gágá. "Ó ti kù díẹ̀, Tíṣà!" ni wọ́n máa ń wí, tí wọ́n á gbá mi lẹ́yìn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ sílé, mo bínú.

Ọjọ́bọ̀ tó tún dé, Ọmọ́tárá ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ẹ̀rúwà, ó ní òun yóò bá wa lọ. Ó jáde nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó rí irin lásán.

"Àga dà?"

"Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín."

"Ìyẹn? Mo rò pé ẹ̀bùn lo fi ta Bàbá lọ́rẹ ni."

Bàbá gbé àpótí ìdáná kan jáde fún un. Orí àpótí yẹn ni ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ jókòó sí, ó di ẹ̀yìn àga bàbá rẹ̀ mú, gbogbo kòtò tí a bá já sí ni orí rẹ̀ ń gbá òrùlé mọ́tò. Ó kàn ń wò mí nínú dígí. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú Ọmọ́tárá lọ́jọ́ náà, n kò gbàdúrà kó dé ẹnu.

A dé òkè. Gíà kẹta, ìkejì, ìkíní. A kú.

"Kí ló kù?" ni Bàbá bi mí.

"Kò ku nǹkan kan mọ́, sà."

Wọ́n yíjú sẹ́yìn. Ojú wọn bá ọmọ wọn. "Ọmọ́tárá, sọ̀ kalẹ̀."

"Bàbá?"

"Sọ̀ kalẹ̀, kí o gbé àpótí dání."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì nínú aṣọ funfun, ó gbé àpótí sí abíyá. Mo tún tan mọ́tò. Ó lọ bí ìgbésẹ̀ méjì, ó kú. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo gọ́tà tó dí.

"Ó ku ìwọ."

"Sà?"

"Ìwọ náà sọ̀ kalẹ̀."

"Sà, ta ni yóò wà á?"

Bàbá rò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n dákẹ́, wọ́n rò ó! Ríronú yẹn ló bí mi nínú. Mo rántí àga mi, mo rántí búrọ́ọ̀ṣì mi, mo rí Ọmọ́tárá nínú oòrùn pẹ̀lú àpótí, ẹnu mi sì já lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀yin ni, sà! Ẹrù náà, ẹ̀yin ni. Kò sí nǹkan tó ṣe mọ́tò mi. Lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sí nínú ẹ̀, ó ń gùn ún."

Ọmọ́tárá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè gbé ojú sókè. Mo mọ̀ pé mo ti fi ẹnu ara mi lé Ọmọ́tárá lọ. Ta ni wọ́n ń rán lọ bẹ bàbá tí o sọ fún pé ó sanra? Bàbá ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì rọra tì í. Ì bá dára kí wọ́n gbá ilẹ̀kùn náà gbàmù.

"Gùn ún," ni wọ́n wí.

Mo tún tan mọ́tò, mo tẹ iná. Mọ́tò fò sókè bí ẹyẹ. Ojú tì mí. Mo tẹ bíréèkì, àní mo tẹ bíréèkì lórí òkè, kó má bàa dà bí ẹni pé inú wa dùn jù, ṣùgbọ́n kò gbọ́, ó gbé mi dé orí òkè kí n tó mí ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo páàkì, mo sáré padà sísàlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ọ̀dà títì.

Bàbá ò ní kí n dìde. Òógùn bo ojú wọn, èémí wọn ń fọn. Nígbà tí mo dìde fúnra mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi gbogbo ara tì mí. Orúnkún mi yẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí ojú mọ́tò mi ti rí. Mo gbá ìbàdí Bàbá mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, Ọmọ́tárá ń tẹ̀ lé wa.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin la sinmi. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Bàbá sọ̀rọ̀, wọn kò wo ojú mi. "Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi ní ọsibítù. Ọmọ yìí fúnra rẹ̀ ló ń gbé mi lé ìwọ̀n. Mo ní ìwọ̀n wọn ló bàjẹ́." A tún ń lọ. Èmi náà ń mí hẹlẹhẹlẹ bíi mọ́tò mi.

Nígbà tí a dé orí òkè, Bàbá kò yọ ọwọ́ kúrò léjìká mi. Wọ́n kọjú sí ọmọ wọn.

"Ọmọ́tárá, sọ fún ẹni tó wà lábẹ́ apá mi yìí pé kó wá gbé àga rẹ̀ lónìí. Kó sì kó ẹbí rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

Ọmọ́tárá kò jìnnà sí mi ju apá kan lọ. Ó wò mí. "Wọ́n ní kí o wá gbé àga rẹ lónìí, kí o sì kó ẹbí rẹ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

"Bá mi sọ fún wọn," ni mo wí, "pé mo ti gbọ́."