Ọmọ Inú Ìwé Tó Ń Tóbi

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìwà òmùgọ̀ àgbà bẹ̀rẹ̀, ká má lọ di ẹ̀bi ru ọmọdé. Àpínkẹ́, ìyá àgbà tó nídìí bí odó, tí ẹ̀rín rẹ̀ ń ta adìyẹ jí lórí ẹyin, kò mọ̀wé kà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó ní òun mọ̀ ọ́n kà.

Lọ́dún tí wọ́n parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Fọláṣadé, ọmọ Àpínkẹ́, olùkọ́ ni, ó sì ń kọ ìwé aláwòrán fún àwọn ọmọdé. Ó gbé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ wá sílé wọn ní Bódìjà, ó fi í sórí tábìlì, ó lọ síbi iṣẹ́. Kò tíì jìnnà tí Kẹ́hìndé, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, fi gbé ìwé náà lé ìyá àgbà lẹ́sẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ kà á fún mi."

"Ṣé èyí náà ló le?" Àpínkẹ́ gbé awò ojú ọmọ rẹ̀ wọ̀, gbogbo ilé sì ń yí i lójú.

Ní ojú ewé kan, ọmọbìnrin kan jókòó, ó ń sunkún. Ní ojú ewé tó kọjú sí i, ọmọbìnrin náà ti dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ni, pé ìwà rẹ̀ ló ti ń yí padà. Àpínkẹ́ ò mọ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni méjì tó jọra, tó wà níwájú èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni wọ́n tún lè jẹ́ bí kò ṣe ìbejì?

"Táíwò rèé, Kẹ́hìndé rèé," ló wí. "Wọ́n mà wuni o!"

Ó ṣí ewé. Ọmọ kan péré ló wà níbẹ̀, ó ti ga, ó ti dirun, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Táíwò dà?" ni Kẹ́hìndé béèrè.

Ìbejì ni Fọláṣadé náà bí. Ibà ló pa Táíwò tirẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n a kì í sọ pé ìbejì kú, kí èyí tó kù má baà tẹ̀ lé e. Wọ́n á ní ó lọ ṣẹ́gi ni. Fọláṣadé àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, fẹ́ sọ òótọ́ fún ọmọ wọn. Àpínkẹ́ ló fọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu.

Ẹnu rẹ̀ tún yá ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. "Ó lọ ṣẹ́gi."

"Bíi Táíwò tèmi?"

"Bíi tìẹ gẹ́lẹ́."

Ọmọ náà fìka kan èyí tó ga. "Tí Táíwò bá dé, ṣé ó máa dá èyí mọ̀?"

Àpínkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Èyí tó ti gùn bí igi ìbẹ́pẹ yìí? Á kúnlẹ̀ kí i ni, á ní, 'Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Kẹ́hìndé.'"

Kẹ́hìndé ò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé dé.

Láti ọjọ́ náà, bí oúnjẹ bá ti dé, á ní òun ti yó. Dòdò tí kì í jẹ́ kó tutù tẹ́lẹ̀, ó tì í sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ra bisikíìtì bọ̀ láti Dùgbẹ̀. Ó dúpẹ́, ó gbé e kalẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Ring Road, dókítà ò rí àìsàn kankan, àmọ́ ó ní bí ọmọ ò bá jẹun, àwọn á dá a dúró sí ọsibítù. Egungun ọrùn rẹ̀ ti ń yọ. Àpínkẹ́ ju ìdí ńlá rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó jó, ó ké bí òbúkọ, kí ọmọ lè torí ẹ̀rín la ẹnu. Asán ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fọláṣadé bá Kẹ́hìndé tó ń fi tipátipá wọ bàtà ọdún tó kọjá.

"Mọ́mì, ẹ wò ó, ó ṣì wọ̀ mí. Mi ò tíì tóbi."

"Ta ló ní kó o má tóbi?"

"Tí mo bá jẹun, màá dà bíi ti inú ìwé. Táíwò ò sì ní dá mi mọ̀ tó bá dé."

Fọláṣadé yíjú sí ìyá rẹ̀ tó wà nítòsí. "Màámi, kí lẹ kà fún un?"

"Ohun tí mo rí ni mo kà," ni Àpínkẹ́ wí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde.

Fọláṣadé mú ìwé, ó gbé ọmọ lé itan. "Ẹnì kan ṣoṣo ni. Wo àpá orúnkún rẹ̀ níbí. Wò ó níbí náà. Ojo ni tẹ́lẹ̀, ó wá di akíkanjú. Ó tóbi, àmọ́ òun náà ṣì ni."

"Táíwò ò sí níbẹ̀ rárá?"

"Kò sí."

Kẹ́hìndé wo ìyá àgbà. "Ẹ ní ó lọ ṣẹ́gi."

"Màámi," ni Fọláṣadé wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin lẹ sọ tàkọ́kọ́, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún un."

Àpínkẹ́ rò ó wò. Bó bá sọ ọ́, bí ọmọ bá wá tẹ̀ lé ìkejì rẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá sì sọ ọ́, ebi ni yóò mú un lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ.

"Ọkọ mi, kò lọ ṣẹ́gi. Táíwò kú. Èmi ni mo purọ́ fún ọ."

Ọmọ náà ò sunkún. Ó fa àwo dòdò ọ̀sán tí kò fọwọ́ kàn mọ́ra. Ó mú ẹyọ kan, ó gé e jẹ, ó rọra ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó gbé e mì.

"Ìyá àgbà," ló wí, "ṣé bí Táíwò ṣe kéré yẹn náà ló máa wà títí?"