Pupa ti Dúdú

Mọ́mì Bernice ló sọ igi náà ní Pupa. Dennis, ọmọ wọn tó wà ní Kánádà, ló ní kí wọ́n gbé e wá fún wọn nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Igi àwọn ará Japan ni. Inú ìkòkò ló wà, kò ga ju ìbàdí mi lọ. Ewé rẹ̀ dà bí ọwọ́ ìkókó tó yàka, ó sì pupa fòò.

Nígbà tí Mọ́mì fẹ́ lọ bá ọmọ wọn Lilian tọ́jú ọmọ tuntun n'Íbàdàn, wọ́n pè mí sídìí rẹ̀.

"Sìlífátù, omi àárọ̀ nìkan. Má jẹ́ kó dúró sídìí rẹ̀ o. Oòrùn ọ̀sán ò sì gbọdọ̀ bá a, etí ewé rẹ̀ á jóná."

"Mo gbọ́, mà."

Mo gbọ́, àmọ́ àyà mi ń já. Yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ni èmi àti Malik ọmọ mi ń gbé níbí ní Amúwo, l'Ékòó, ẹ̀gbẹ́ géètì wọn ni mo ti ń ta ọṣẹ àti mílíìkì. Ilé tí mo wà tẹ́lẹ̀, lápá Apple Junction, fèrèsé kan ló fọ́, ni onílé bá ní kí n kó jáde. Fèrèsé lásán o. Tí igi Mọ́mì bá wá kú mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?

Mo gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí oòrùn kankan ò lè rí i. Láràárọ̀, mo máa kọ́kọ́ ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀, kí n tó bu omi. Mo máa wò ó. Mo máa lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo máa tún padà wá wò ó.

Ìgbà tó yá, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀. Kò rọ, kò gbẹ. Àwọ̀ ṣáá ló ń yí.

Bádrù, aládùúgbò wa tó ń ta páàtì mọ́tò ní ọjà Trade Fair, wá ra ọṣẹ. Ó yọjú wo ọgbà.

"Ìyá Malik! Pupa yín mà ti dúdú. Àbí ó ti pa kíríìmù tì?"

"Bọ̀dá Bádrù, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Àwọ̀ tí Ọlọ́run fún un ló ń padà sí. Ẹ fi í sílẹ̀!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó lọ tán, mo jókòó. Mo mú fóònù mi.

Mi ò láyà láti pe Mọ́mì. Dennis ni mo pè.

"Bọ̀dá Dennis, ewé igi yẹn… ó ti dúdú o."

"Ó ti dúdú? Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ó ti jẹrà nìyẹn, Àǹtí. Ẹ fà á tu kó má ba àwọn òdòdó yòókù jẹ́. Màá bá Mọ́mì sọ̀rọ̀."

Mo mú ṣọ́bìrì. Mo gbé e sílẹ̀. Mo tún mú un. Mo wá fi èékánná ha èèpo igi náà díẹ̀, báyìí. Abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ṣé òkú igi máa ń tutù ni? Ibi tí mo lóṣòó sí nìyẹn, ọwọ́ mi kún fún iyẹ̀pẹ̀, nígbà tí Mọ́mì ti géètì wọlé. Ọ̀nà ilé ni wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí Dennis pè wọ́n.

Mo kúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi."

Wọ́n ń wo igi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí jígí ojú wọn fi bọ́. Wọ́n pe Dennis, wọ́n kọjú fóònù sí igi náà kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

"Dennis, kí lò ń wò yìí?"

"Ah! Gíríìnì ni! Wọ́n ní ó ti dúdú, mo rò pé búláàkì ni!"

"Ó dúdú minimini, ṣé o ò rí i ni? Kí lo fẹ́ kó pè é?"

"Wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé pé àwọ̀ ewé ni."

"Kó wá sọ pé ewé ti di àwọ̀ ewé? Olóyè!"

Èmi náà ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín gbé mi ṣubú sórí iyẹ̀pẹ̀.

Dennis ní ara igi náà le. Òjìji ti pọ̀ jù fún un ni, oòrùn àárọ̀ díẹ̀ ló máa jẹ́ kí ewé tuntun pupa. Èmi àti Mọ́mì di ìkòkò náà mú, a gbé e lọ sápá ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́.

"Ta ló ń lé ẹ?" Mọ́mì ní, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Oṣù tó ń bọ̀ mo tún ń padà sọ́dọ̀ Lilian. Ìwọ náà lo máa tọ́jú ẹ̀."

"Ha, Mọ́mì! Ẹ jẹ́ kí àyà mi kọ́kọ́ balẹ̀ ná!"